Ògúntọ́lá Sàpárà: Dókítà Tí Ó Wọ Ẹgbẹ́ Olóde

Bí a bá fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin yìí bí ó ti yẹ, a ní láti kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí àwọn baba wa kì í dárúkọ. Ṣọ̀pọ̀nná ni. Ní ayé àtijọ́, pàápàá jù lọ ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí àgbàlagbà kan tí yóò la ẹnu pe orúkọ yìí ní gbangba. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀gbóná, tàbí Ọbalúayé, tàbí kí wọ́n kàn pè é ní Baba. Orúkọ kan wà tí ó ju gbogbo wọn lọ, èyíinì ni Alápadúpẹ́, ẹni tí ó pa ni tí a tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ náà kì í ṣe àwàdà rárá. Ẹni tí Olóde bá mú lọ, àwọn ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sunkún, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣọ̀fọ̀. Ṣe ni wọn yóò máa dúpẹ́ pé Baba ti ṣe èyí tí ó wù ú. Wọn kò ní í fi ọwọ́ ara wọn sin òkú ọmọ wọn. Àwọn àwòrò òrìṣà náà ni yóò gbé e lọ sínú igbó tí wọn yóò sì sin ín síbẹ̀. Ẹbí ni yóò san owó iṣẹ́ náà, aṣọ òkú àti ẹrù rẹ̀ yóò sì di ti àwòrò.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣọ àti ẹrù yìí sí ọkàn, nítorí a óò padà sí orí rẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì pé àádọ́ta ọdún lónìí kò lè rí ẹni tí Olóde ń bá jà lọ́wọ́ rí. Ohun tí ó lè rí ni àpá ní ojú àwọn àgbàlagbà díẹ̀ tí ó kù, tàbí àmì bùpá ní apá ìyá rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó tọ́ kí n sọ bí àrùn náà ti rí. Bí ó bá ti wọ ara ènìyàn, yóò tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí ó tó fi ara hàn. Ara yóò kọ́kọ́ gbóná janjan, orí àti ẹ̀yìn yóò máa fọ́ olúwarẹ̀, lẹ́yìn náà ni èéyọ yóò bo ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí wọn yóò sì gbọyún. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí kò gba bùpá rí, bí mẹ́ta ni ó ń kú. Àwọn mìíràn a yè, ṣùgbọ́n ojú wọn a fọ́. Kò sí oògùn tí ń wò ó sàn, yálà ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀, títí tí ó fi kúrò ní ayé. Ẹni tí ó bá sì ṣe é tí ó yè kì í ṣe é mọ́ láéláé.

Inú ayé tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ ọba ni a bí Sàpárà sí. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 1861 ni wọ́n bí i ní ìlú Freetown ní Sàró, ní ọdún kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Ọmọ Iléṣà ni baba rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú kí wọ́n tó di òmìnira ní Sàró. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí wọ́n kọ sí ìwé fún ọmọ náà, bí ó ti jẹ́ àṣà àwọn ará Sàró láti máa jẹ́ orúkọ àwọn òyìnbó. Ọdún 1876 ni ẹbí náà kó wá sí Èkó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher Sapara Williams tí ó di agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, tí ó sì jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Orúkọ ẹ̀gbọ́n yìí ni ó gba ìwé ìtàn kan. Ní tèmi o, bí a bá fi iye ẹ̀mí tí iṣẹ́ ẹni gbà là wọn nǹkan, n kò mọ ìdí tí ọmọ ìwé fi ń mọ ẹ̀gbọ́n tí kò mọ àbúrò.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni àbúrò yìí kọ́kọ́ kọ́, ní ọdún 1878. Kò pẹ́ nídìí rẹ̀. Ní ọdún 1879 ó lọ kọ́ iṣẹ́ apoògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ sì ti fà sí iṣẹ́ ìṣègùn gan-an. Ó rékọjá òkun lọ sí London, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwòsàn St Thomas's, ó sì gba ìwé ẹ̀rí oníṣègùn ní ọdún 1895. Nínú oṣù kìíní ọdún 1896 ìjọba Èkó gbà á sí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà ìjọba. Nígbà yẹn Williams ti bọ́ sílẹ̀ ní ara rẹ̀. Ògúntọ́lá Sàpárà ni ó ń jẹ́.

Iṣẹ́ náà kò tura. Àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà náà kò pọ̀, owó oṣù wọn kò sì tó ti òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní ọdún 1902 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ṣe é ní òfin pé aláwọ̀ funfun nìkan ni ó lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé kan náà, tí ó sì yege nínú ìdánwò kan náà, ni wọ́n fi sí abẹ́ àwọn ọmọdé òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, wọ́n sì lọ ṣí ilé ìgbàwòsàn tiwọn. Sàpárà dúró, títí di ọdún 1928.

Bí ó ti wọ iṣẹ́ ni Olóde pàdé rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1897 ó wà ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àrùn náà ń jà níbẹ̀ kíkankíkan. Ẹ jẹ́ kí á dúró níhìn-ín díẹ̀, kí á wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ dókítà ìjọba kan ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Bùpá wà. Láti ọdún 1796 ni dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Jenner, ti fi hàn pé bí a bá fi ọyún àrùn ara màlúù kan ha ara ènìyàn, Ṣọ̀pọ̀nná kò ní lè ṣe ẹni náà ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n láti òkè òkun ni oògùn bùpá ti ń wá, nínú ọkọ̀ ojú omi, ooru ilẹ̀ wa a sì máa sọ ọ́ di aláìlágbára kí ó tó dé ara ẹni tí a fẹ́ gún. Irú èyí tí ó lè fara da oòrùn kò di ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu àfi lẹ́yìn ọdún 1950. Òṣìṣẹ́ kò pọ̀. Ọ̀nà kò dára. Àwọn ènìyàn a sì máa gbé ọmọ wọn sá lọ sí oko bí wọ́n bá ti gbọ́ pé abúpá ń bọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá gba bùpá ti ṣe àfojúdi sí Baba.

Èwo ni kí dókítà náà kọ́kọ́ ṣe? Ṣé kí ó máa lé gbogbo ará ìlú kiri pẹ̀lú oògùn tí kò tó? Ṣé kí ó sé àwọn aláìsàn mọ́ ibì kan, nígbà tí ẹbí wọn ń fi wọ́n pamọ́ sínú yàrá? Ṣé kí ó dáná sun aṣọ àti ẹní? Gbogbo rẹ̀ ni ó dára, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba kan, ti ìgbà yẹn tàbí ti òde òní, tí ó ní owó àti ènìyàn láti ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa iná ilé, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí iná náà ti ń ràn wá. Ohun tí ó jẹ Sàpárà lógún ni pé bí wọ́n bá ti pa àrùn náà ní àdúgbò kan tán, kò ní pẹ́ tí yóò tún yọ níbòmíràn, nígbà mìíràn ní ilé ẹni tí ó ń bá ẹlòmíràn ṣe aáwọ̀. Ó fura pé ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Ó sì mọ̀ pé kò sí bí òun ṣe lè mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà bí òun bá jókòó sí orí àga ìjọba.

Nítorí náà ó lọ wọ ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀nná.

Àwa tí a bí sínú àṣà Yorùbá mọ ohun tí gbólóhùn kúkurú yẹn túmọ̀ sí. Ẹgbẹ́ awo kì í ṣe ẹgbẹ́ aláṣejẹ. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ti fi ẹ̀mí rẹ̀ dógò, ẹni tí ó bá sì tú awo, àwọn awo ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé dókítà òyìnbó ni ẹni tí ó jókòó láàárín wọn, ó dájú pé ọ̀rọ̀ náà kì bá tí pẹ́. Ọmọ Sàró tí ó gbà pé kòkòrò tí ojú kò rí ni ó ń fa àrùn ni ó lọ wólẹ̀ níwájú ojúbọ Ọbalúayé. Ó rí ohun tí ó wá wò. Ó rí i pé àwọn àwòrò kan a máa ha èépá àti ọyún ara ẹni tí àrùn náà ń ṣe, wọn a kó o pamọ́, wọn a sì fi ra ara àwọn ẹlòmíràn láti fi kó àrùn náà ràn wọ́n. Èyí kò ní awo kankan nínú lójú onímọ̀ ìṣègùn, nítorí pé kòkòrò àrùn náà lè wà láàyè nínú èépá fún ìgbà pípẹ́. Kí ni èrè ibẹ̀? Ẹ̀rù, ọlá, àti ẹrù òkú tí mo ní kí ẹ fi sí ọkàn lẹ́ẹ̀kan. Bí òkú bá ṣe pọ̀ tó ni aṣọ àti owó ìsìnkú ṣe ń pọ̀ tó lọ́dọ̀ àwòrò. Àwọn aṣọ ọ̀hún, tí ọyún ti gbẹ sí lára, yóò tún wọ ilé mìíràn.

Sàpárà gbé ohun tí ó rí lọ sí iwájú ìjọba. Kí ọdún 1910 tó dé, òfin ti jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin Ṣọ̀pọ̀nná mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò bínú sí Sàpárà fún èyí, pàápàá àwọn tí ọ̀rọ̀ òrìṣà jẹ lógún. Ẹ kò jẹ̀bi. Ó mulẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn, ó sì tú wọn síta fún ìjọba tí kò fẹ́ràn òrìṣà kankan láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo àwòrò ni ó jẹ́ apànìyàn. Ohun mìíràn tún wà tí a gbọ́dọ̀ rò. Fífi èépá ha ara ẹni tí ara rẹ̀ dá, kí àrùn náà lè mú un díẹ̀ kí ó má sì mú un púpọ̀ mọ́, jẹ́ ìmọ̀ tí ó wà nílẹ̀ Áfíríkà kí Jenner tó dáyé. Ẹrú kan ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ tí ń jẹ́ Onesimus ni ó ṣàlàyé rẹ̀ fún olówó rẹ̀ ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì fi gba ẹ̀mí là níbẹ̀ ní ọdún 1721. Ẹni tí ó bá rí àwòrò kan pẹ̀lú èépá ní ọwọ́ lè má mọ̀ bóyá láti pa ni tàbí láti dáàbò bo ni. Síbẹ̀, ewu kan náà ni fún ará ìlú tí ó kù, nítorí pé ẹni tí a bá fi èépá há lára lè kó àrùn náà ran ẹlòmíràn, bùpá kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé Sàpárà kò ṣìnà nípa ohun tí ó fi ṣáájú: kí èépá àti aṣọ òkú kúrò ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni kí a tó máa ka iye abẹ́rẹ́.

Ibi tí mo ti ń bá òfin náà jà ni pé ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ wo àwọn èèwọ̀ tí ó yí àrùn náà ká. Nígbà tí Baba bá wà ní ìgboro, a kì í lu ìlù, a kì í ṣe àríyá, a kì í rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Níbi tí ìlù kò bá ti dún, ènìyàn kì í péjọ. Níbi tí ènìyàn kò bá sì ti péjọ, àrùn tí ń ti èémí ẹnìkan wọ ara ẹnì kejì yóò jókòó sí ojú kan. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, owó ńlá ni ìjọba ná lórí rédíò àti tẹlifísọ̀n kí àwa ọmọ Yorùbá tó gbà láti dá ìnáwó dúró. Àwọn baba wa kò na kọ́bọ̀. Bí ìjọba ìgbà náà bá ti pe àwọn àgbà àwòrò jọ, tí wọ́n gba èépá àti aṣọ lọ́wọ́ wọn tí wọ́n sì fi èèwọ̀ ìlù sílẹ̀ fún wọn, bóyá àwọn gan-an ni ì bá máa pe ènìyàn wá gba bùpá. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òrìṣà náà lọ sí ìkọ̀kọ̀, ìsìn ń bá a lọ, àrùn náà sì tún pẹ́ láàárín wa. Ní òkè òkun, ní Bahia tí wọ́n ti ń pè é ní Omolu àti ní Cuba tí wọ́n ti ń pè é ní Babalú Ayé, kò sí ẹni tí ó gbọ́ òfin Èkó. Wọ́n ń bọ ọ́ títí di òní gẹ́gẹ́ bí òrìṣà tí ń wo ni sàn.

Ohun tí ó lé Ṣọ̀pọ̀nná kúrò nílẹ̀ yìí nígbẹ̀yìn jọ iṣẹ́ Sàpárà ju bí ó ti jọ òfin lọ. Nínú oṣù kejìlá ọdún 1966, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà kan, William Foege, bá àrùn náà ní agbègbè Ogoja ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, oògùn bùpá tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tó gún gbogbo ènìyàn. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi rédíò bá àwọn míṣọ́nnárì káàkiri sọ̀rọ̀ láti mọ abúlé tí ó ní aláìsàn, wọ́n gún àwọn tí ó yí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n sì fi àwọn tí ó kù sílẹ̀. Àrùn náà kú láàárín oṣù díẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni gbogbo àgbáyé wá ń lò. Ọgbọ́n tí ó fara jọ ọ́ ni Èkó lò nígbà tí Ẹ̀bólà wọlé ní oṣù keje ọdún 2014: wọn kò sé ìlú pa, ṣe ni wọ́n wá gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn, tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú, ó sì parí kí oṣù kẹwàá tó parí.

Sàpárà kò fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá Olóde nìkan jà. Ó sọ̀rọ̀ lórí ikọ́ ife àti àwọn ilé tí ó há gádígádí ní ìsàlẹ̀ Èkó. Ó gbìyànjú lórí ọ̀ràn àwọn aboyún àti kíkọ́ àwọn agbẹ̀bí ní ẹ̀kọ́, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ilé ìgbòògùn tí ó wà ní Òpópónà Massey, èyí tí ó wá di ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Ẹnu iṣẹ́ ni ó ṣì wà nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí Èkó nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, tí ó gbé àrùn tí àwọn baba wa ń pè ní lùkúlùkú wọlé. Ohun tí ìjọba fi ṣáájú nígbà náà ni pé kí àwọn wolé-wolé máa wọ ilé kiri láti wá aláìsàn jáde. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn, wọ́n sá kúrò ní Èkó lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì gbé àrùn náà lọ sí àwọn ìlú òkè. Ní ọdún 1924 ni àrùn tí eégbọn ara eku ń gbé kiri tún bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó lò níbẹ̀, nítorí rẹ̀ sì ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní ọdún 1928, ìgbìmọ̀ tí ó wó ọ̀pọ̀ ilé lulẹ̀ tí àwọn onílé kò sì dárí jì í.

Ohun kan wà nípa ọkùnrin yìí tí ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu nígbà tí mo bá sọ ọ́ fún wọn. Ẹni tí wọ́n rò pé ó kórìíra ohun ìbílẹ̀ yìí ni ó wà lára àwọn dókítà àkọ́kọ́ tí ó fi ọwọ́ mú ewé àti egbò àwọn oníṣègùn Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó yẹ kí a dán wò. Ó ń yẹ̀ wọ́n wò, ó sì ń fi wọ́n tọ́jú ènìyàn. Òun kò rí ìjà kankan láàárín èyí àti ohun tí ó ṣe sí àwọn àwòrò. Ewé tí ó bá wo ni sàn, ewé ni. Èépá tí ó bá pa ni, èépá ni.

Ọdún 1928 ni ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Nínú oṣù kẹfà ọdún 1935 ni ó kú, nígbà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Olóde kò tíì kúrò ní ìgboro nígbà náà. Ó tún ku ọdún márùndínlógójì kí ẹni ìkẹyìn tí ó ṣe é ní Nàìjíríà tó ṣe é, nínú oṣù karùn-ún ọdún 1970. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé sì kéde pé kò sí Ṣọ̀pọ̀nná ní ibì kankan ní ayé mọ́.